Ohùn Tó Ń Há Láràárọ̀: Ẹ Wádìí Rẹ̀ Dé Ojú Oorun

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Bí ohùn ènìyàn bá ń há láràárọ̀, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò tán lọ́fun rẹ̀, tó sì ń ṣe é bí ẹni pé nǹkan há sí i lọ́nà ọ̀fun, orógbó àti àgbo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sá tọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ inú ikùn ni àìsàn náà ti ń bọ̀, kó sì jẹ́ pé òru ló ń rìn.

Omi kíkan kan wà nínú ikùn tó ń mú kí oúnjẹ dà. Bí iṣan tó ń pa ẹnu ikùn dé bá dẹ̀, omi yìí yóò gòkè. Ẹlòmíràn yóò mọ̀, nítorí àyà rẹ̀ yóò máa ta. Ẹlòmíràn kò ní mọ nǹkan kan. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó dé gògóńgò rẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́ níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan oorun nìyí. Àwọn kan wà tí ẹran ọ̀fun wọn máa ń dẹ̀ lójú oorun títí ọ̀nà èémí yóò fi dí. Wọn yóò hanrun, wọn yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò sì ta jí bí ẹni tó yọrí nínú omi. Ẹni tí tirẹ̀ bá le, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Bí àyà bá sì ń fa èémí nígbà tí ọ̀nà dí, fífà yẹn lè fa omi kíkan sókè. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí èwo ló bí èwo, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé àìsàn méjèèjì a máa rìn pọ̀, àti pé àsanrajù ń ran méjèèjì lọ́wọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó sùn kì í gbọ́ ìhanrun ara rẹ̀. Nílé, ọkọ tàbí ìyàwó ni ẹlẹ́rìí. Ta ni yóò jẹ́rìí fún ẹni tó wà lájò? Ẹ wo Bertrams, àdúgbò àtijọ́ tó wà nítòsí pápá ìṣeré Ellis Park nílùú Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó wá wá iṣẹ́ ló fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Ẹni tó bá dá sùn níbẹ̀ lè máa pàdánù èémí lóru fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá sì bá ẹlòmíràn gbé yàrá, bí wọ́n bá ní ìhanrun rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn sùn, ìjà ni yóò kà á sí, bẹ́ẹ̀ oore ni wọ́n ṣe fún un.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àìsàn oorun yìí a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè yọrí sí rọpárọsẹ̀, ó sì ń mú kí awakọ̀ sùn lórí ìrìn. Ẹni tó bá ń ta jí lóru, kó má ṣe sọ pé aráyé ló ń fún òun lọ́rùn. Kó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀fun àti ọ̀rọ̀ oorun papọ̀ fún dókítà. Ní Johannesburg, kílíníìkì àdúgbò lè kọ̀wé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi Charlotte Maxeke ní Parktown. Láti ọdún 1981 tí Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú Sydney, ní Australia, ti gbé ìròyìn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú jáde, ìtọ́jú ti wà.

Ní ti ilé, kí oúnjẹ alẹ́ ṣáájú oorun ní wákàtí mẹ́ta, kí ọtí alẹ́ dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì fi pákó gbé ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí tí oúnjẹ kò gbé mì dáadáa, ilé ìwòsàn yá.

Ẹni tó dá sùn, kó ṣọ́ ẹnu gbígbẹ àti orí fífọ́ láàárọ̀, àti òògbé lọ́sàn-án. Ẹni tó ní alábàágbé, kó bi í léèrè, kó sì gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.