Iná Dáṣíbọ́ọ̀dù Ọkọ̀ Àtijọ́ Kì í Ṣe Iná Ẹ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì akérò ló ń rìn lóru tí iwájú awakọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Iná iwájú ń tàn, rédíò ń pariwo, ṣùgbọ́n awakọ̀ ò rí iye eré tó ń sá, kò rí ibi tí epo kù sí, kò sì mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì ti ń gbóná jù. Bí èrò bá bi í, á ní òun ti mọ ọkọ̀ òun, etí lòun fi ń gbọ́ ọ. Etí kì í gbọ́ ọ́ìlì tí kò gòkè mọ́, àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbàgà-gbàgà. Nígbà yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àtúnṣe iná yìí kò wọ́n, kò sì le, béèyàn bá mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di ìnáwó ni kí rìwáyà máa já wáyà kiri kó tó wo fíùsì.

Oríṣi méjì ni wọ́n

Iná kan wà tó ń tànmọ́lẹ̀ sójú àwọn ago kí a lè kà wọ́n lálẹ́. Òun ló máa ń tàn nígbà tí a bá tan iná ọkọ̀. Èkejì ni iná ìkìlọ̀: ti ọ́ìlì, ti bátìrì, ti bíréèkì, àti ti ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí kò gbó púpọ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá kú, awakọ̀ ò ríran ka ago. Bí ti èkejì bá kú, ọkọ̀ lè bàjẹ́ lábẹ́ ìdí wa láìjẹ́ pé ohunkóhun ta wá lólobó.

Ẹ yẹ iná ìkìlọ̀ wò ná

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná ti ń wọlé, ẹ má tíì sítáàtì. Iná ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tàn, ti bátìrì náà gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ wá sítáàtì ọkọ̀: láìpẹ́, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kú. Iná tí kò bá tàn rárá kí ẹ tó sítáàtì kì í ṣe ẹ̀rí pé ara ọkọ̀ le. Yálà gílóòbù rẹ̀ ti jó, tàbí wáyà rẹ̀ ti já, tàbí ẹnì kan ti yọ ọ́.

Kí ẹni tó fẹ́ ra tókunbọ̀ fi eléyìí sọ́kàn. Àwọn kan wà tó ń yọ gílóòbù ìkìlọ̀ kúrò, tàbí kí wọ́n lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn látẹ̀yìn, kí oníbàárà má bàa mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ìwà ìkà gbáà ni, nítorí ẹni tó ra ọkọ̀ náà máa kó ìyàwó àtọmọ sínú rẹ̀.

Iná bátìrì yàtọ̀ sáwọn yòókù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, inú gílóòbù kékeré yẹn ni iná díẹ̀ ń gbà kọjá lọ sínú alternator láti jí i nígbà tí a bá sítáàtì. Bí gílóòbù náà bá jó, alternator lè máa yí lásán láìṣáájì bátìrì. Ẹni tí kò mọ̀ á ra bátìrì tuntun, á tún pààrọ̀ alternator, bẹ́ẹ̀ gílóòbù bíńtín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Fíùsì ló kàn

Bí gbogbo iná ojú ago bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fura sí gílóòbù. Ó ṣòro kí gbogbo wọn jó lọ́jọ́ kan. Ẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹ wo iná ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, títí kan HiAce àtijọ́, fíùsì kan náà tí wọ́n kọ TAIL sí ló ń gbé iná ẹ̀yìn àti iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Awakọ̀ tó bá ń sọ pé "iná dáṣíbọ́ọ̀dù lásán ló kú" lè máa sáré lórí títì márosẹ̀ láìní iná kankan lẹ́yìn, kí tírélà sì máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Fíùsì pupa jẹ́ áńpù 10, aláwọ̀ búlúù jẹ́ 15. Èyí tó jó ni kẹ́ ẹ fi irú rẹ̀ rọ́pò. Ẹ má fi wáyà dè é, ẹ má sì wé bébà inú sìgá mọ́ ọn, torí wáyà ló máa jó dípò fíùsì, iná á sì gba inú ọkọ̀. Bí tuntun náà bá tún jó, wáyà kan ti bó níbì kan, ó sì ń kan ara ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà ti ń tẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àti ìdí iná nọ́ńbà ọkọ̀.

Bí fíùsì bá pé, ẹ yí bọ́tìnnì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù kù lọ sókè sódò léraléra. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń nu ọkọ̀ ló yí i walẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣí i

Ẹ jẹ́ ká mú Volkswagen T3, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1979, tí Èkó sì sọ di dánfó. Ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, ti nẹ́gétíìfù. Ìdérí tó bo àwọn ago ṣeé fà yọ, súkúrúù mẹ́rin ló sì di àwọn ago náà mú. Ẹ má wọ́ ọ jáde tipátipá o: kéèbù ago eré ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn, kí ẹ tẹ ìdè rẹ̀, kí ẹ tó fà á.

Bí ẹ bá yí i padà, ẹ ò ní rí wáyà púpọ̀. Ọ̀rá aláwọ̀ búlúù kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ọ̀nà bàbà tín-ín-rín sì gba ara rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni iná ń gbà. Gílóòbù wà nínú ìdí oníke. Ẹ yí i díẹ̀, á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Bí gílóòbù ò bá jó, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ìdí rẹ̀ ti ń tẹ bàbà. Ibẹ̀ ló sábà máa ń dúdú tàbí kó hu àwọ̀ ewé. Rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Sáńpépà á bó bàbà náà kúrò pátápátá. Bí ojú ọ̀nà náà bá ti já, rìwáyà tọ́wọ́ rẹ̀ tutù lè fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jó o pọ̀, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí irin gbígbóná pẹ́ níbẹ̀, kí ọ̀rá má bàa yọ́.

Bí ago epo àti ago ooru bá jọ ń lọ jọ ń bọ̀ lọ́nà òdì, ẹ̀rọ kékeré tó ń dín iná bátìrì kù sí fóòtì 10 fún àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ̀yìn ago lòun náà wà. Ẹ yẹ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀, wò pẹ̀lú.

Gílóòbù tuntun

Gílóòbù ojú ago sábà máa ń jẹ́ wáàtì 1.2. Bẹ́ ẹ bá fi ti wáàtì 5 síbẹ̀ kó lè mọ́lẹ̀ dáadáa, ooru rẹ̀ á yọ́ ìdí rẹ̀ àti ọ̀rá yẹn. LED kì í gbóná bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní ìhà tó ń gba iná: bí kò bá tàn, ẹ yọ ọ́ kí ẹ yí i padà. Ẹ má fi í sípò gílóòbù bátìrì nínú ọkọ̀ tí iná alternator ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má sì ra èyí tó funfun gbòò, torí á máa ta sójú awakọ̀ lóru.

Kí ẹ tó de súkúrúù padà, ẹ fi orí bátìrì sí i, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tan iná, kí ẹnì kan sì lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kó wo iná ẹ̀yìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ ti kéèbù ago eré wọlé títí yóò fi dún kó. Bí kò bá dún, ọwọ́ ago ò ní kúrò lórí òdo nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra.