Owó Kòkó àti Bọ́ọ̀lù Ìbàdàn: Ìtàn Ẹgbẹ́ Shooting Stars

Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Sooting, ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ń du, èyí sì ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1976. Láti ọdún náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n á ka góòlù tí wọ́n jẹ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni ti owó, ìyẹn ni pé ta ló bọ́ ẹgbẹ́ náà dàgbà, ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìdáhùn rẹ̀ ní láti jáde kúrò nígboro Ìbàdàn lọ sí abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí i ká, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé dé Làlúpọn ní Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Akánrán ní Ọ̀nà-Àrà, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè wọ̀nyí wà lára àwọn tí òógùn wọn gbé àjọ tó kọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ náà ró.

Orúkọ àjọ yìí ni Western Nigeria Development Corporation, tí gbogbo ènìyàn ń ké kúrú sí WNDC. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1959 láti máa dá ilé iṣẹ́ ńláńlá, oko ọ̀gbìn àti òwò sílẹ̀ lórúkọ ìjọba, ó sì rọ́pò àjọ mìíràn tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ibi tí owó irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá kò fara sin rárá. Láti ọdún 1954 ni ẹkùn náà ti ní àjọ tirẹ̀ tó ń rí sí títà irè oko, òun nìkan ló sì láṣẹ láti ta kòkó sí òkè òkun. Òun ló ń fi iye owó tí wọn yóò máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, bí ọjà àgbáyé bá sì gbówó lórí ju iye náà lọ, ọwọ́ àjọ ni èrè tó kù ń gbé. Ìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ni pé kí wọ́n lè fi owó ọdún tó dára ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún tí ọjà bá kú, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí èrè náà fi di àpò tí ìjọba ń fi ọwọ́ bọ̀ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́, láti la ọ̀nà, àti láti fún àwọn àjọ bíi WNDC lówó tí wọn yóò fi ṣòwò.

Ó tọ́ kí a wo bí kòkó náà ṣe ń dé ọwọ́ wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìnira ọ̀rọ̀ yìí wà. Àgbẹ̀ á ká kòkó lórí igi, á fọ́ èèpo rẹ̀, á kó hóró tó ń yọ̀ náà sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó lè gbóná kí adùn rẹ̀ sì jáde, lẹ́yìn náà ni yóò sá a sínú oòrùn, tí yóò máa yí i, tí yóò sì máa sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú, títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹni tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba lè dúró lórí àpò náà kó ní kò gbẹ tó, tàbí kó sọ pé ipò kejì ni, owó á sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òṣùwọ̀n kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò mọ iye tí wọ́n ń ra kòkó ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gbé e lọ tà fún. Bí àwọn ilé gogoro bíi Ilé Kòkó, alájà 26 tí wọ́n parí lọ́dún 1965, ṣe ń ga sókè ní Dùgbẹ̀ nígboro Ìbàdàn, owó kòkó yìí náà ló gbé wọn ró.

Ní àkókò tí à ń wí yìí, ilé iṣẹ́ àti àjọ ìjọba ló ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà: reluwé ní tirẹ̀, ọlọ́pàá ní tirẹ̀, àwọn oníṣòwò ńlá náà sì ní tiwọn. Wọ́n á gba ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù síṣẹ́, á máa gba owó oṣù bíi akọ̀wé tàbí oníṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n pápá ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà. Ìbàdàn ti lórúkọ nínú bọ́ọ̀lù kí ẹgbẹ́ WNDC tó gòkè, torí pé ẹgbẹ́ Ibadan Lions ti gba ife ẹ̀yẹ Challenge, ìyẹn ife tí gbogbo ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè yìí ń du, lọ́dún 1959 àti 1961. Ìjọba ẹkùn sì ti kọ́ pápá ìṣeré Liberty fún ayẹyẹ òmìnira ọdún 1960.

Ọdún 1968 ni ọ̀rọ̀ yí padà lábúlé. Iye tí wọ́n ń ra kòkó kò tó nǹkan, àwọn tó ń yẹ kòkó wò ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, owó orí sì ń pọ̀ sí i pẹ̀lú oríṣiríṣi owó tí wọ́n so mọ́ ọn, nígbà tí ọ̀nà oko kò ṣeé gbà tí omi ẹ̀rọ kò sì dé ibì kankan. Àwọn àgbẹ̀ Akánrán, Ẹgbẹ́dá, Làlúpọn àti ọ̀pọ̀ abúlé mìíràn ní agbègbè Ìbàdàn dìde, Táfà Adéoyè láti apá Akánrán sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ìdìde yìí ni ìtàn mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà. Wọ́n ní òkẹ́ mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni àwọn lè san lówó orí. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi lọ́dún 1969, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ti ṣe olórí ìjọba ẹkùn náà rí, fúnra rẹ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba ológun Adéyínká Adébáyọ̀ sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn 2. Ọdún 1971, ìyẹn nígbà tí eruku ìjà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀, ni ẹgbẹ́ WNDC gba ife ẹ̀yẹ Challenge. Kò sí ẹ̀rí pé àgbẹ̀ kankan rí bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá rẹ̀. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ ni pé àpò kan náà ni owó tí wọ́n jà lé lórí àti owó tó bọ́ ẹgbẹ́ náà ti jáde.

Láàárín àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ náà bọ́ sábẹ́ àjọ mìíràn tí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tó rọ́pò Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, dá sílẹ̀ láti máa yá ilé iṣẹ́ lówó, ìyẹn Industrial Investment and Credit Corporation, ó sì di IICC Shooting Stars. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, ilé iṣẹ́ tí WNDC àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ sì di ti Odù'a, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ ni ín. Bọ́ọ̀lù kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ náà dúró sí, ọmọ Abẹ́òkúta ní Ògùn tó wà nínú rẹ̀ kò sì torí ìpínlẹ̀ tuntun padà sílé. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n gba líìgì Nàìjíríà, tí wọ́n sì dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 nílé, tí wọ́n sì fi 1-0 pàdánù ní Kamẹrúùnù, àròpọ̀ góòlù sì jẹ́ 4-2.

Àwọn tó ṣe é kì í ṣe irú ènìyàn kan náà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Ìbàdàn, ó ga, ó sì yára, orúkọ ìnagijẹ Mathematical tó ń jẹ́ sì dé etí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò. Mudá Lawal, tí ó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kó tó di òpó àárín pápá, ó sì kópa nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún tẹ̀léra láti 1976 dé 1984. Felix Owólabí wà níbẹ̀, Best Ogedegbe sì ń ṣọ́ ilé. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Èkó lóṣù kẹta ọdún 1980 láti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù méjì, Lawal jẹ ẹyọ kan, tí ó fi hàn pé ọmọ ẹgbẹ́ Ìbàdàn ló jẹ gbogbo góòlù ọjọ́ náà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ìlú kékeré ń gbà ní ẹgbẹ́ eré ìdárayá, ó sì dára kí a fi wé ti Ìbàdàn. Ní Cape Cod, etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ mẹ́wàá ń ṣe béésìbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn jù sí i, tí yóò sì sáré yí ibùsọ̀ mẹ́rin po kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ àmì ayò kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni gbogbo àwọn tó ń ṣe é. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ, ni wọ́n máa ń wá, wọn kì í gba owó oṣù, ilé àwọn ará ìlú tó gbà wọ́n lálejò ni wọ́n ń sùn, ọ̀pá onígi sì ni wọ́n ń lò dípò ti irin tí wọ́n fi ń ṣeré nílé ẹ̀kọ́, kí àwọn tó ń wá òṣèré fún ẹgbẹ́ ńláńlá lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ní tòótọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Ọrẹ àti iṣẹ́ àfẹ́ṣe àwọn ará ìlú ló ń gbé ẹgbẹ́ ró. Níbẹ̀, ẹni tó bá dáwó mọ̀ pé òun dáwó. Ti Ìbàdàn yàtọ̀: àgbẹ̀ ló dáwó láìmọ̀, kò sì sí ìwé kankan tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn 1976, ẹgbẹ́ náà gba ife Challenge lọ́dún 1977, 1979 àti 1995, ó sì tún gba líìgì lọ́dún 1980, 1983, 1995 àti 1998. Rashidi Yekini kọjá níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Zamalek ti Íjíbítì dí wọn lọ́nà nínú àṣekágbá ife tó ga jù lọ ní Áfíríkà: lọ́dún 1984, tí wọ́n pàdánù nílé àti lóko, àti lọ́dún 1996, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáwé olúborí nílé ara rẹ̀ ní 2-1 kí wọ́n tó fi pẹnáríìtì yanjú rẹ̀. Láàárín ìbànújẹ́ méjèèjì ni wọ́n gba ife CAF lọ́dún 1992, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ìdíje náà sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Nakivubo Villa ti Uganda ní Kampala, tí wọ́n sì na wọ́n ní 3-0 nílé.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ni ín kí wọ́n tà á fún olówó ní láti rántí Leventis United, tí òun náà wà ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ni ín, ó gba ife Challenge lọ́dún 1984 àti 1986, ó gba líìgì lọ́dún 1986, kò sì pẹ́ tí olówó rẹ̀ fi tú u ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta náà gba ife lọ́dún 1985 àti 1987, òun náà kò sí mọ́ lónìí. Shooting Stars ṣì wà, nítorí pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò lè pa á láìjẹ́ pé ìlú bínú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń ti ọ́fíìsì gómìnà wá kò lè sinmi, ẹni tó bá dé orí oyè ló ń yan ọ̀gá fún un. Lọ́dún 2017 ó já kúrò ní líìgì àgbà, ọdún 2021 ló tó rí ọ̀nà padà, pápá Lekan Salami ní Adamásìngbà ló sì fi ṣe ilé.

Ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ tú àwọn àjọ tó ń ta irè oko ká. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ Ọ̀nà-Àrà tàbí Lágelú lè ta kòkó rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú, owó epo rọ̀bì tí ìjọba àpapọ̀ ń pín sì ni ìpínlẹ̀ ń ná sórí bọ́ọ̀lù jù lọ. Owó tó ń ti abúlé wọ̀nyí lọ bá Sooting báyìí ni owó ọkọ̀ dé Adamásìngbà àti owó ìwọlé, ẹni tó san án ló sì yàn láti san án.