Sókàwéè Ẹni, Kànga Aládùúgbò

Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ìlú tí òkúta yí ká, tí odò Àlà sì là kọjá, jẹ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé inú rẹ̀, láti Arákalẹ̀ tó wà láàárín ìlú àtijọ́ títí dé àwọn àdúgbò tuntun tó ń yọ láti ìgbà tí ó ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, ń gbé ara lé omi kànga, nítorí pé omi ẹ̀rọ ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Inú ilẹ̀ kan náà tí a ti ń fa omi yìí ni à ń da omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa sí. Nítorí náà, ìtọ́jú sókàwéè kọjá ọ̀rọ̀ ìtìjú tí à ń sọ sábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ẹ̀mí aládùúgbò ni ó sì sábà máa ń wà nínú ewu kí ó tó kan ti ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ sókàwéè pín sí. Nínú táńkì tí a fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré mọ, ohun tó wúwo á rì sísàlẹ̀ di ẹrẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi àárín nìkan ni ó sì yẹ kó ṣàn lọ sínú kòtò kejì, èyí tí a kò rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ilẹ̀ lè fà á mu. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ ìgbẹ́ inú táńkì náà tí ó fi ń dínkù, wọn kò sì lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù. Bí omi náà ti ń gba àárín iyẹ̀pẹ̀ kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni iyẹ̀pẹ̀ ń dá ìdọ̀tí dúró, bí asẹ́ tí ẹlẹ́kọ fi ń sẹ́ ògì ti ń dá èérí dúró, tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn á sì kú sọ́nà. Ṣùgbọ́n orí òkúta líle àtayébáyé ni Àkúrẹ́ jókòó lé. Inú iyẹ̀pẹ̀ tó bò ó àti inú pàlàpálá rẹ̀ ni omi kànga wa ń gbé, ní ibi púpọ̀, iyẹ̀pẹ̀ náà kò sì nípọn rárá. Níbi tí òkúta bá ti sán, kò sí sísẹ́ kankan mọ́: bí omi ìdọ̀tí bá ṣe wọlé ni yóò ṣe jáde. Nígbà tí òjò bá sì rọ̀ títí, omi inú ilẹ̀ á gòkè wá pàdé ìsàlẹ̀ kòtò, ìdí rẹ̀ nìyí tí sókàwéè tí kò yọni lẹ́nu nínú ẹ̀ẹ̀rùn fi ń kún bò nígbà òjò. Ó kéré tán, ó yẹ kí ìsàlẹ̀ kòtò fi mítà 1.5 ga ju ibi tí omi ń dé nígbà òjò lọ.

Ẹsẹ̀ bàtà 100, ìyẹn mítà 30, ni àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó sábà máa ń ní kí ó wà láàárín sókàwéè àti kànga. Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ilẹ̀ tí à ń rà. Ẹni tó ní pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní 100, tó gbẹ́ kànga sí igun iwájú, tó wá gbẹ́ sókàwéè sí igun ẹ̀yìn tó dojú kọ ọ́, agbára káká ni yóò fi bá òdiwọ̀n yẹn, yóò sì gbà pé òun ti ṣe ojúṣe òun. Àmọ́ ẹni tó kọ́lé sí ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti gbẹ́ kànga tirẹ̀ sí ìdí ògiri kan náà, tí kò fi ní ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ sí sókàwéè náà. Omi inú ilẹ̀ kò mọ ògiri.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1854, ní àdúgbò Soho nílùú Lọ́ńdọ̀nù, kọ́lẹ́rà pa ènìyàn tó lé ní 600 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà John Snow tọpa ikú náà dé ẹnu ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street. Àlùfáà Henry Whitehead, tí kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, ni ó wá ṣàwárí pé ìyá kan ti da omi tó fi fọ aṣọ ìlédìí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn sínú kòtò ìdọ̀tí ilé wọn. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ ní 1855, wọ́n rí i pé ògiri kòtò náà ti jẹrà, àti pé kò tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí kànga ẹ̀rọ omi náà.

Ewu náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní 2021, kọ́lẹ́rà pa ju ènìyàn 3,500 lọ ní Nàìjíríà, àwọn olùwádìí tó ti ń yẹ omi kànga Àkúrẹ́ wò kò sì ṣàì bá kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú rẹ̀. Sísè omi á pa kòkòrò wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò lè mú náítíréètì kúrò, èyí tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ń tú sínú omi. Ńṣe ni sísè ń mú un le sí i. Bí ó bá ju miligíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan, ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí a ń fi omi náà po oúnjẹ fún, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ bó ti yẹ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ má dúró dìgbà tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá kọ̀ tí kò lọ mọ́. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣí ìdérí táńkì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó sínú rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pani. Kí ó fi aṣọ funfun wé ọ̀pá gígùn kan, kí ó kì í bọ ìsàlẹ̀, kí ó sì fà á yọ jẹ́jẹ́. Ibi tó dúdú lára aṣọ náà ni ẹrẹ̀ dé. Bí ó bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta táńkì, àkókò tó láti pe ọkọ̀ tó ń fa sókàwéè, èyí tí í sábà bọ́ sí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ náà yóò dà á sí, nítorí pé ìgbẹ́ tó kúrò nílé tó sì lọ sínú odò Àlà kò tíì kúrò lọ́rùn wa. Izal tí à ń dà ní ìdàkudà, epo ọkọ̀ àlòkù àti kọ́ńsítíìkì ń pa kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ fún wa; páàdì àti páńpáàsì ń dí páìpù. Ní ti kànga, kí rìǹgì rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí ó ní ìdérí, kí a sì rẹ́ ẹnu rẹ̀ yíká.

Ṣùgbọ́n ní Arákalẹ̀, níbi tí òrùlé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èkejì, kò sí ilé kan tó lè dá bá ẹsẹ̀ bàtà 100. Níbẹ̀, táńkì tí a rẹ́ pátápátá, tí a kò sì ṣe kòtò mọ́ ọn, tí ọkọ̀ ń fà déédéé, ló yẹ, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹgbẹ́ onílé tó ń dáwó ẹ̀ṣọ́ òru lè ya àwòrán àdúgbò rẹ̀ sórí ìwé kan, kí ó sàmì sí gbogbo kànga àti sókàwéè tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì pawọ́ pọ̀ san owó ọkọ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni sì tó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, kí ó bi í léèrè ibi tí kànga rẹ̀ wà.