"Ọlọ́run á San Án fún Yín": Ṣé Ọpẹ́ Ni tàbí Èpè?

  

Ohun tí ó mú mi gbé gégé lónìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ta ọsàn ní Fìdítì. Ó kó ọsàn ránṣẹ́ sí ìyá kan, oníbàárà rẹ̀ ní Èkó, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì rà lójú ọ̀nà. Ìyá náà kọ̀wé sí i lórí fóònù pé: "Mo ti ri osan na. E seun. Olorun a san an fun yin." Ọ̀rẹ́ mi kà á, ara rẹ̀ gbọ̀n. Ó ní èpè ni wọ́n ṣẹ́ fún òun. Kò fèsì, ẹrù kejì tí ó yẹ kí ó kó fún ìyá náà, ẹlòmíràn ni ó tà á fún.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni ó fi fóònù náà hàn mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wà nítòsí, ó ní ẹ̀rọ wà tí ó lè sọ ohun tí ó wà nínú ẹni tí ó kọ ìwé, kí a bi í.

Kí n tó sọ èsì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà bí ó ti yé mi. Láyé àtijọ́ rẹ̀, a máa ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka owó: ọ̀rọ̀ rere mélòó, ọ̀rọ̀ burúkú mélòó. Yorùbá á da irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàmú, nítorí "inú mi dùn" ayọ̀ ni, "ó dùn mí" ìbànújẹ́ ni, "dùn" kan náà sì ni ojú rí. Èyí tí ó wà nísinsìnyí, tí wọ́n ń pè ní deep learning, gbogbo gbólóhùn ni ó ń wò pọ̀. Wọ́n á fún un ní ìwé rẹpẹtẹ kà, wọ́n á máa bo ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ kí ó méfò rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bá ọ̀rọ̀ rìn, wọ́n á fi gbólóhùn tí ènìyàn ti sàmì sí hàn án: èyí ìbínú, èyí ayọ̀. Bí ó bá ti ń ṣì í ni wọ́n ń tún ìṣirò inú rẹ̀ ṣe.

Àwọn tí ó ń sàmì yìí ni kí a kíyèsí. Lọ́dún 2022, Shamsuddeen Hassan Muhammad, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé NaijaSenti jáde, ọ̀rọ̀ kéékèèké láti orí Twitter ní èdè Hausa, Ìgbò, Yorùbá àti Píjìn. Ó sún mọ́ 30,000 fún èdè kọ̀ọ̀kan, àfi Píjìn tí ó jẹ́ 14,000. Ẹni mẹ́ta tí ó gbọ́ èdè ni ó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ènìyàn pàápàá kì í fi ìgbà gbogbo fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ẹlòmíràn ní lọ́kàn. Lọ́dún 2025 ni BRIGHTER tẹ̀lé e, èdè 28, Yorùbá wà níbẹ̀. Ìbínú, ìbànújẹ́, ẹ̀rù, ìríra, ayọ̀ àti ìyàlẹ́nu ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ kò tíì mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn èdè tí ìwé wọn kò pọ̀.

Èsì tí ó fún wa ni pé ayọ̀ àti ọpẹ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ọsàn rà. Bí ìyá náà bá ṣẹ́ èpè ní tòótọ́, lẹ́tà kan kò ní yí padà nínú ìwé rẹ̀, èsì kan náà ni à bá sì gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti ń fi irú ẹ̀rọ yìí ṣa ẹ̀hónú oníbàárà wọn. Oníṣòwò Ìlọrà tí ó fi ọ̀wọ̀ kọ ẹ̀dùn rẹ̀, tí ó ní "ẹ kú iṣẹ́ o" pẹ̀lú omijé lójú, ta ni yóò bá a sọ fún ẹ̀rọ pé inú rẹ̀ kò dùn?

Mo rán ọ̀rẹ́ mi létí ìkìlọ̀ tí Kùránì Alápọ̀nlé ṣe nínú Sùúrátù Hujuráátì nípa ìfura búburú, mo ní kí ó pe ìyá náà kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó pè é.

Ìyá náà ní, "Háà, Àlàájì! Ènì tí ẹ fi sí i ju èyí tí ó rà lọ. Ọpẹ́ ni mo dú. Ìgbà wo ni ẹrù kejì ń bọ̀? Mo ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Ẹrù kejì ti wà ní Ìbàdàn lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.