Ósóònù, Ìpẹtà Irin àti Omi tí À Ń Mu ní Karu

Ọ̀rọ̀ omi ni a mú wá, omi Karu gan-an. Karu méjì ló wà: ọ̀kan wà lábẹ́ Abuja, èkejì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Nasarawa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi wa jọra. Láti 1984 ni ìsédò Lower Usuma ti wà, síbẹ̀ omi rẹ̀ kò dé gbogbo ilé. Kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ gbójú lé. Bí iná bá lọ, a ó máa wá mài rúwà àti ọmọlanke rẹ̀ tó kún fún kẹ́ẹ̀gì.

Ẹni tó bá ti fi omi kànga ẹ̀rọ fọ aṣọ funfun rí yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Omi á mọ́ gaara nígbà tí a fà á, tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan pupa rúsúrúsú á ti sùn sí ìsàlẹ̀ gárawá. Irin ló ti yòrò sínú omi náà láti inú ilẹ̀. Nígbà tó pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ó dípẹtà, bí àdá tí a gbàgbé sínú òjò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí irin bá ti ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà omi kan, yóò máa kó àbàwọ́n bá aṣọ.

Irú iṣẹ́ yìí náà ni ósóònù ń ṣe, àmọ́ tirẹ̀ le jù. Ọ́síjìn tí à ń mí símú, méjì-méjì ló so mọ́ra; ti ósóònù jẹ́ mẹ́ta. Ìkẹta yìí kò rí ìjókòó, ohun tó bá kọ́kọ́ bá pàdé ló ń lẹ̀ mọ́: kòkòrò àìfojúrí, àwọ̀, òórùn, irin. Òórùn tí à ń gbọ́ nígbà mìíràn lẹ́yìn mànàmáná, òun ni. Schönbein, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní Basel, ló fún un lórúkọ ní 1840, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ òórùn. Ní 1906, ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fi tọ́jú omi ìlú. A kì í tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú ìgò. Iná mànàmáná tó lágbára ni wọ́n ń gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ kọjá láti ṣe é lójú ẹsẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi pòórá nínú omi.

Àmọ́ ohun tí apá ósóònù kì í tètè ká wà. Lára wọn ni oògùn apakòkòrò tí àgbẹ̀ fọ́n sóko, àti ìyókù oògùn tí a lò tó bá ìtọ̀ wọlẹ̀. Ibí ni ìpẹtà irin ti wúlò. Ẹ jẹ́ ká pè é ní alárinà. Alárinà kò fẹ́ ọkọ, kò fẹ́ aya, òun ló kàn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè yanjú, bí ìyàwó bá sì ti mojú ọkọ, alárinà á yẹ̀ba. Ósóònù á bà lé ojú ìpẹtà náà, á fọ́ níbẹ̀, èyí tó sì jáde lára rẹ̀ burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ: ọ́síjìn kan àti háídrójìn kan tó so pọ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ìdọ̀tí inú omi tí kò lè fọ́ túútúú. (Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lórí gbogbo ìpẹtà.)

Ti máńgánísì ni a mọ̀ jù lára wọn. Òun ni ìyẹ̀fun dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, òun náà sì ni olùkọ́ kẹ́místírì máa ń bù sínú háídrójìn pẹrọ́ksáídì kí ó lè hó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu ti bátìrì sínú omi o! Májèlé mìíràn wà níbẹ̀. Wọ́n tún ń lo ìpẹtà irin, ti alumíníọ́mù àti ti títéníọ́mù, èyí tó ń mú ọ̀dà ilé funfun. Alárinà yìí kì í sì í ṣe aláìkú: ẹrẹ̀ lè bo ojú rẹ̀, òun náà sì lè máa yòrò díẹ̀díẹ̀ sínú omi.

Ẹni tó bá wá ta ẹ̀rọ ósóònù fún yín, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣọ́ omi náà lẹ́yìn tó bá wọ táǹkì orí òrùlé. Ósóònù kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Kúlóríìnì ló máa ń dúró. Bí irin bá pọ̀ nínú kànga yín, òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ ósóònù tán kí ó tó kan kòkòrò. Bí omi bá ní brómáídì, ósóònù lè sọ ọ́ di brómétì, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí ó ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan. Ẹ má sì tan ẹ̀rọ náà sí yàrá tí ọmọ ń sùn, nítorí ósóònù ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ní tèmi, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ìgò ni ẹ̀rọ yìí yẹ, kì í ṣe ilé oníyàrá mẹ́ta tí iná kì í dúró. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Ní 2021, àwọn tí a kọ sílẹ̀ pé onígbá-méjì pa ní Nàìjíríà lé ní 3,500, Abuja kò sì yọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi kànga kọ́kọ́ rí afẹ́fẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù, kí pupa rẹ̀ sùn sílẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sè é títí yóò fi hó dáadáa, tàbí kí ẹ fi kúlóríìnì omi sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ń ra píọ̀ wọ́tà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mài rúwà náà, ẹ fi ọṣẹ fọ inú tiyín kí ẹ tó gba omi rẹ̀ sí i.