Ẹ̀dà Kan Kò Tó: Bí A Ṣe Lè Pa Ohun Inú Kọ̀ǹpútà Ilé Wa Mọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká ro ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé wa: àwòrán yìgì, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, àkọsílẹ̀ gbèsè, ohùn wáàsí ààfáà tó ti jáde láyé. Bí hard drive bá bàjẹ́ lóru òní, kí la máa rí gbà padà?

Lẹ́yìn ogun Yamāmah, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó há Àlùkùránì sórí kú sí, Abubakar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pàṣẹ kí wọ́n kó o jọ. Nígbà tó yá, Uthman (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ní kí wọ́n dà á kọ, ó sì fi àwọn ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńláńlá. Ọlọ́hun ló ṣèlérí ìṣọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣe ipa tiwọn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń gbà wá níyànjú pé kí ẹ̀dà jẹ́ 3, lórí oríṣi ohun èlò 2, kí 1 sì wà níta ilé. Ẹ kíyè sí i: "D" inú kọ̀ǹpútà kan náà kì í sábà jẹ́ ẹ̀dà tó dá dúró. Orí hard drive kan náà ló sábà máa ń wà, bí ọ̀kan bá kú, èkejì bá a lọ.

1. Ẹ ra hard drive tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. File History wà nínú Windows, Time Machine wà nínú kọ̀ǹpútà Apple. Wọ́n á máa ṣe ẹ̀dà náà fúnra wọn. Bó bá ti parí, ẹ yọ ọ́. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó tó bèèrè owó lè ti èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà pa pẹ̀lú.

2. Ẹ fi àwọn ìwé pàtàkì sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Google Drive ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Kí dátà má baà tán, ẹ fi fídíò ńláńlá sí hard drive. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé èyí nìkan: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà lè pa rẹ́ níbẹ̀ náà.

3. Ẹ fi hard drive kejì, tí ẹ ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì, sílé ẹbí tó ṣeé fọkàn tán. Olè tàbí iná ilé kò ní lè kó gbogbo rẹ̀ lọ.

4. Lóṣooṣù, ẹ ṣí fáìlì mélòó kan láti inú ẹ̀dà wò. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, a kò mọ̀ bóyá ó wà.

Ẹ lè fi ọjọ́ Jímọ̀ ṣe àkókò iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn ìrun. Ká ṣe ipa tiwa, ká tó fi ìyókù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká pàdánù ohun rere. Àmín.