Òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan ló ń ṣiṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò owó, tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí iṣẹ́ tó parí. Nígbà mìíràn, kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò lágbára, agbára tí wọ́n fowó rà ni wọn kò lò.

Tẹ́lẹ̀, ọpọlọ kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń ṣe é sì ń mú kó yára sí i lọ́dọọdún. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2004, ooru tó ń mú jáde ti pọ̀ jù, eré rẹ̀ kò ṣeé fi kún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 2005, Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í to ọpọlọ méjì pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí aráàlú ń lò. Lónìí, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Òun ni àwọn tó ń tà á ń pè ní core.

Àmọ́, bí àgbẹ̀ kan nílùú Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, bá bẹ ọ̀wẹ̀ láti kọ ebè, tó jẹ́ pé ọkọ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ẹnì kan ni yóò máa kọ ebè, àwọn yòókù yóò máa wò ó. Bí Python ṣe rí nìyẹn, èdè tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991. Ìlànà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ GIL, òun ni ọkọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Láti 2008 ni irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ multiprocessing ti wà nínú Python. Ńṣe ló máa ń ṣí Python ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọpọlọ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú lè ní ọkọ́ tirẹ̀.

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan ní Kàbà ń fi ìṣẹ́jú 40 ṣírò owó ọmọ ẹgbẹ́. Ìṣẹ́jú 32 ni ti àkọsílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣeé pín. Ìṣẹ́jú 8 ni ti kíkó gbogbo rẹ̀ pọ̀, èyí tí kò ṣeé pín. Bí ọpọlọ mẹ́rin bá pín 32, ó di 8. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ ìṣẹ́jú 16, kì í ṣe 10. Kódà bí ọpọlọ bá pé 100, kò lè dín sí 8. Gene Amdahl, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé èyí láti 1967.

Ọgbọ́n wà nínú bí a ṣe ń pín iṣẹ́ o. Èlé oṣù kejì kò ṣeé ṣírò bí ti oṣù kìíní kò bá tíì parí. Nítorí náà, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni kí wọ́n fi pín in, kì í ṣe oṣù. Bí àkọsílẹ̀ náà bá sì tóbi, tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ gbé odindi rẹ̀ dání, RAM lè kún, ẹ̀rọ yóò wá máa wọ́. Iṣẹ́ kékeré kò sì nílò rẹ̀ rárá: ta ló ń bẹ ọ̀wẹ̀ nítorí ebè mẹ́wàá, nígbà tí oúnjẹ tí yóò sè fún wọn ju iṣẹ́ lọ?

Ní 2024, Python 3.13 gbé ẹ̀dà kan tí kò ní GIL jáde fún ìdánwò. Ní 2025, ẹ̀dà náà di ohun tí wọ́n fọwọ́ sí nínú Python 3.14, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa yàn án.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Nàìjíríà. Philip Emeagwali, ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́ ní 1954, gba àmì-ẹ̀yẹ Gordon Bell ní 1989 fún ìṣirò nípa epo rọ̀bì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, èyí tó fi ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ kéékèèké 65,536 ṣe.

Ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ ṣí Task Manager nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bí kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ mẹ́rin kò bá lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń làágùn. Ẹ bi ẹni tó kọ ètò náà léèrè bóyá iṣẹ́ ọ̀hún ṣeé pín. Èsì rẹ̀ lè dín owó epo jẹnẹrétọ̀ yín kù.